Bẹ́ ẹ ṣe máa sọ Golf 3 di mọ́tò track n'Íbàdàn: bíréèkì kọ́kọ́, ẹ́ńjìnnì VR6 tẹ̀lé e

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ mọ́tò ń yá lára, ẹ kú ìnáwó o. Àlàyé yìí máa gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á, torí àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ń pọ̀ sí i, ohun tí mo sì ń rí ni pé agbára ni gbogbo wọn ń lé, bíréèkì á wà bó ṣe wà látilẹ̀, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Track day kì í ṣe ìdíje, kò sẹ́ni tó ń gba kọ́ọ̀pù níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti pa mọ́ ará ìta ni, gbogbo mọ́tò ń lọ sápá kan náà, oníkálukú ń wa tiẹ̀ bí ọwọ́ ẹ̀ ṣe mọ, áńbúláǹsì wà nítòsí, àwọn tó ń fi àsíá ṣàmì náà wà níbẹ̀. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn kì í ṣe track. Circular Road náà kì í ṣe track, bó ti wù kó dá páropáro tó láàárọ̀ Sunday. Ẹni tí kò bá gbà bẹ́ẹ̀, kó jọ̀ọ́ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìdí tó fi jẹ́ Golf 3 àti VR6

Golf 3 ni mo máa fi ṣàlàyé torí ó pọ̀ n'ígboro wa, kò sí àdúgbò tẹ́ ẹ dé n'Íbàdàn tẹ́ ò ní rí mẹkáníìkì tó ti tú u palẹ̀ rí, páàtì ẹ̀ sì wà ní Gate. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni pé Volkswagen fúnra wọn ti fi VR6 sínú body yẹn láti 1992. Ìyẹn ni pé sítíǹ ẹ́ńjìnnì, ṣáfútì, rédíétọ̀, bíréèkì, wáyà, gbogbo ẹ̀ ló ti wà bí ilé iṣẹ́ ṣe wọ̀n ọ́n, tiyín ò ju kẹ́ ẹ kó wọn jọ kẹ́ ẹ sì dè wọ́n síbi tó yẹ kí wọ́n wà. Èyí tí nọ́ḿbà ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú AAA ni mò ń sọ, 2.8 lítà, sílíńdà mẹ́fà, horsepower 174. Èyí tó jẹ́ 1.8 nínú ọ̀pọ̀ Golf 3 wa, 75 tàbí 90 ni. Tẹ́ ò bá rí ti Golf, ẹ wo inú Vento VR6, Passat ìgbà yẹn, tàbí Sharan, ẹ́ńjìnnì kan náà ni.

Àwọn kan á ní K24 inú Accord End of Discussion làwọn fẹ́ jù sínú Civic àtijọ́. Ẹ́ńjìnnì gidi ni, mi ò bá wọn jà, 2.4 ni, horsepower 160, ó sì pọ̀ káàkiri. Àmọ́ sítíǹ ẹ̀ wọ́n máa ṣe é lákànṣe ni, ṣáfútì náà bẹ́ẹ̀, brain box ẹ̀ á sì fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Tó bá jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ yín nìyí, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Body

Kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ gbé mọ́tò sókè kẹ́ ẹ wo abẹ́ ẹ̀. Tòkúnbọ̀ tó ti Yúróòpù wá ti rin lórí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù, iyọ̀ yẹn ló ń jẹ irin. Ẹ fi sukudiráfà gún ibi tí ṣọ́ọ̀kì iwájú ti so mọ́ body, ibi tí ásù ẹ̀yìn ti so, àti abẹ́ fúlọ́ọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tẹ́ ẹ máa ń fi jáàkì sí. Tó bá wọlé, ẹ wá body mìíràn, ẹ má jẹ́ kí páńẹ́lì bítà fi body filler bò ó mọ́lẹ̀ fún yín.

Bíréèkì, kẹ́ ẹ tó dé orí ẹ́ńjìnnì

Iṣẹ́ bíréèkì ni kó sọ eré di ooru. Tí eré bá di ìlọ́po méjì, ooru ẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Mọ́tò tó ń bọ̀ ní 160 tó fẹ́ dúró, ooru tó máa jáde lára dísíìkì ẹ̀ jẹ́ mẹ́rin irú èyí tó máa jáde ká ní 80 ló ń bọ̀. N'ígboro, láti Challenge lọ sí Mọ́lété, kò sí ibi tẹ́ ẹ ti máa sáré tó fi máa gbóná. Lórí track, ìṣẹ́jú méjì ò ní pé tẹ́ ẹ ti tẹ ẹ́ gidi lọ́pọ̀ ìgbà, dísíìkì ò sì ráàyè tutù láàárín. Ẹ wá fi ẹ́ńjìnnì tó lágbára tó ìlọ́po méjì lé e, ẹ̀yin náà ẹ ro ó wò.

Ọ̀pọ̀ Golf 3 1.6 àti 1.8, dísíìkì iwájú wọn ò ju mílímítà 239 lọ, pẹlẹbẹ ni, kò ní ihò afẹ́fẹ́ láàárín, dúrọ́ọ̀mù ló sì wà lẹ́yìn. Èyí tó jẹ́ 2.0 ní 256, ìyẹn ní ihò afẹ́fẹ́. VR6 ní 280, nípọn 22, dísíìkì ló sì wà lẹ́yìn náà. Boòtì táyà ti VR6 márùn-ún ni, tàwọn kékeré mẹ́rin, torí náà ẹ má ra kálípà (èyí tó ń fi pádì fún dísíìkì mọ́ra) àti dísíìkì lásán kẹ́ ẹ wá máa wá ẹni tó máa gbẹ́ ẹ fún yín. Odindi ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà, látara VR6 alágíjàǹbá tí iwájú ẹ̀ ò bàjẹ́: knuckle (irin tó gbé họ́ọ̀bù àti kálípà dání), họ́ọ̀bù, kálípà, apá ìsàlẹ̀, ṣáfútì, ti ọ̀tún ti òsì, torí ẹsẹ̀ iwájú VR6 fẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, apá kan ò ní bá apá kejì mu tẹ́ ẹ bá dà wọ́n pọ̀. Ẹ mú bíréèkì máàsítà àti sáfò ẹ̀ (èyí tó ń ran ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́ láti tẹ bíréèkì) pẹ̀lú, àti fáàfù ẹ̀yìn tó ń pín agbára bíréèkì láàárín iwájú àtẹ̀yìn. Ẹni tó bá yọ fáàfù yẹn dànù torí ó ń jò, ẹ̀yìn lá kọ́kọ́ dè nígbà tó bá tẹ bíréèkì gan-an, mọ́tò á sì yí po. Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà fi iná kan knuckle tàbí kálípà, àní kó jẹ́ kékeré.

Pádì: tẹ́ ẹ bá dé Gate, ẹ má béèrè èyí tó le jù, ẹ yí pádì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí etí ẹ̀. Ẹ máa rí lẹ́tà méjì tó tẹ̀ lé ara wọn níparí, EE, FF, GF, báyẹn báyẹn. Àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe ń mú nígbà tó tutù, èkejì ń sọ ti ìgbà tó gbóná. E ò mú tó F, F ò mú tó G. Èyí tó bá jẹ́ FE, bó ṣe ń gbóná ló ń tú, kì í ṣe ti track. FF ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìsàlẹ̀ pátápátá. Tí lẹ́tà kankan ò bá sí lára ẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín, bí páálí ẹ̀ ṣe wù kó dán tó. Tówó bá wà, Ferodo DS2500 tàbí EBC Yellowstuff ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n bá yín mú wá láti òkè òkun, wọ́n ń mú nígboro náà, wọn ò kàn dúró de ìgbà tí wọ́n bá gbóná.

Bíréèkì ọ́ìlì ló wá kàn, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbi. Ọ́ìlì yìí máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ wa n'Íbàdàn sì kún fómi lásìkò òjò. DOT tẹ́ ẹ máa rí lára ìgò ló ń sọ irú ọ́ìlì tó jẹ́. DOT 3 tuntun, ó kéré tán, 205°C ló máa hó, àmọ́ tó bá ti mu omi, ó lè hó ní 140. DOT 4 jẹ́ 230 àti 155, DOT 5.1 jẹ́ 260 àti 180. Tó bá ti hó nínú kálípà, gáàsì ló di yẹn, gáàsì sì ń fún mọ́ra, ẹsẹ̀ yín á kàn wọlẹ̀ lọ, mọ́tò ò ní dúró. Ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí lópin ọ̀nà gígùn kò ní ohun tó lè ṣe mọ́. Fún track, ẹ ra DOT 4 tó dáa tàbí 5.1. Motul RBF 600 tí àwọn tó ń sáré ń lò máa ń dé 312°C kó tó hó. DOT 5 lásán tí kò ní .1 lẹ́yìn, sílíkọ́ọ̀nù nìyẹn, kò gbọ́dọ̀ pàdé àwọn yòókù. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ń bù tà látinú jálá, ẹ má sì lo èyí tó ti wà ní ṣíṣí ní ṣọ́ọ̀bù látọdún èṣí. Ìgò tí wọ́n ò tíì tú ìdè ẹ̀ ni, kẹ́ ẹ sì lò ó tán lọ́jọ́ yẹn.

Họ́ọ̀sì rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ pààrọ̀ wọn sí èyí tí wọ́n fi irin híhun bò. Ẹ wá fa afẹ́fẹ́ jáde: ẹnì kan nínú mọ́tò, ẹnì kan nísàlẹ̀, họ́ọ̀sì funfun kékeré lẹ́nu nípù (ihò kékeré tí wọ́n ń tú kí ọ́ìlì lè jáde), ìdí ẹ̀ nínú ìgò tí ọ́ìlì díẹ̀ wà. Ẹ̀yìn ọ̀tún lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, kẹ́ ẹ wá fi iwájú òsì parí, torí èyí tó jìn sí máàsítà jù ló ń ṣáájú. Ẹni tó wà nínú á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ á dì í mú, ẹni ìsàlẹ̀ á tú nípù, ẹ máa rí àwọn ìfófòó róbótó róbótó tí wọ́n ń sáré kọjá nínú họ́ọ̀sì, á dè é padà kí ẹni òkè tó gbẹ́sẹ̀. Ẹ ò ní dúró níbi táyà kan àfi tí ọ́ìlì bá ń jáde láìsí ìfófòó kankan, ẹ má sì jẹ́ kí tinní ọ́ìlì tó wà lórí máàsítà gbẹ, tó bá gbẹ, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Pádì tuntun ò ní mú títí tí ẹ bá fi jẹ́ kó bá dísíìkì mọra. Ẹ wá ọ̀nà tó dá, láàárọ̀ kùtù, kẹ́ ẹ máa ti 90 bọ̀ sí 30 nípa títẹ̀ ẹ́ le díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀mẹjọ sí mẹ́wàá, láìdúró pátápátá, kẹ́ ẹ wá máa rìn lọ wẹ́rẹ́ láìtẹ bíréèkì kó lè tutù. Ẹ má dúró kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ lé bíréèkì lásìkò yẹn, pádì á lẹ̀ mọ́ ojú kan lára dísíìkì, á wá máa gbọ̀n. Ti hand brake, ẹ gbé e lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè Mápó, ẹ fà á, ẹ yọ jíà, kó dúró síbẹ̀. Tó bá ń yọ́ lọ, ẹ padà sórí kálípà ẹ̀yìn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ra ẹ́ńjìnnì

Wọ́n á ní "Belgium ni, ọ̀gá mi, kò tíì ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà rí." Ẹ dá a lóhùn pé o ṣé, kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò tiyín. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti fi pẹtiróòlù fọ̀ tó ń dán gbinrin ò sọ nǹkan kan fún yín, èyí tí ọ́ìlì àti eruku ṣì wà lára ẹ̀ ni mo fẹ́ràn, torí ẹ máa rí ibi tó ti ń jò. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì, ẹ fìka ra abẹ́ ẹ̀. Tó bá funfun bíi mílíìkì, omi ti wọ ọ́ìlì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ top gasket ti lọ. Ẹ rà á pẹ̀lú gíáàbọ́ọ̀sì ẹ̀ lára, torí ara gíáàbọ́ọ̀sì ni kick starter ń jókòó sí, láìsí i ẹ ò lè yí i wò. Ẹ gbé bátìrì tó kún dáadáa lọ, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ ṣí throttle (ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì) tán, kẹ́ ẹ wá wọn compression sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bó ṣe ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ra tó. VR6 tó dáa máa ń wà láàárín 10 sí 13 bar, èyí tó bá kéré sí 7.5 ti gbó, ìyàtọ̀ láàárín èyí tó ga jù àtèyí tó kéré jù ò sì gbọ́dọ̀ ju 3 lọ. Tó bá jẹ́ psi ni gééjì yín, ẹ fi 14.5 pín in. Ẹni tí kò bá jẹ́ kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Gbogbo ohun tó bá a wá ni kẹ́ ẹ rà pọ̀, lára mọ́tò kan ṣoṣo: brain box, wáyà ẹ́ńjìnnì, kọ́kọ́rọ́ àti immobiliser (èyí tí kì í jẹ́ kí mọ́tò ta láìsí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀) tó bá jẹ́ àwọn tó jáde lẹ́yìn, èyí tó ń yan jíà pẹ̀lú kébù ẹ̀ méjèèjì, pẹ́dàlì kọ́lọ́ọ̀ṣì. Ìdí ni pé gíáàbọ́ọ̀sì 1.8 yín, irin ló fi ń yan jíà, kébù ló sì ń fa kọ́lọ́ọ̀ṣì ẹ̀. Ti VR6, 02A ni wọ́n ń pè é, kébù ló fi ń yan jíà, ọ́ìlì ló ń ti kọ́lọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá ra ẹ́ńjìnnì lónìí tó ní òun á wá brain box lọ́la, á wá a títí. Ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ḿbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ẹ̀, ẹ máa nílò ẹ̀ nísàlẹ̀.

Kó tó wọlé

Chain tó ń yí káàmù VR6, ẹ̀gbẹ́ gíáàbọ́ọ̀sì ló wà. Tó bá gbó lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti kó o sínú mọ́tò, gíáàbọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ tún sọ̀ kalẹ̀, torí náà ẹ ṣe é nígbà tó ṣì wà nílẹ̀: chain méjèèjì, ike tó ń tọ́ wọn sọ́nà, síìlì ẹ̀yìn kírànkì, àti odindi kọ́lọ́ọ̀ṣì. Owó ẹ̀ ò dùn ún gbọ́, mo mọ̀. Èyí tó bá ń dún ṣakaṣaka láàárọ̀ tí wọ́n bá kọ́kọ́ ta á, chain ni.

Ẹ wo páìpù ike tó gbé omi kọjá níwájú ẹ́ńjìnnì náà. Ooru máa ń jẹ ẹ́ títí á fi gbẹ, á sì là lójijì. Ẹ yọ ọ́ gbé fún tọ́nà tó mọṣẹ́, kó fi alumíníọ̀mù ṣe irú ẹ̀ gẹ́lẹ́, àwọn ọ̀gá tọ́nà wa n'Íbàdàn mọwọ́ ẹ̀ dáadáa, ìyẹn ò ní là láéláé. Ilé thermostat náà, ike ni, ẹ ra tuntun.

Kíkó o sínú

Ẹ ya fọ́tò kẹ́ ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ lẹ bébà mọ́ ìdí wáyà kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sí i. Chain block lórí irin tó dúró gbọin ni kẹ́ ẹ fi gbé e, ẹ má so ó mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò, kí ẹnikẹ́ni má sì wà lábẹ́ ẹ̀ nígbà tó bá wà lókè. Ẹ lo sítíǹ àti irin ìsàlẹ̀ tó wá látara VR6, ó máa bọ́ sójú ihò ẹ̀.

Rédíétọ̀ kékeré tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò lè tù ú, ti VR6 tòun ti fáànù ẹ̀ ni kẹ́ ẹ dè. Ẹ dán fáànù wò nínú go-slow Ìwó Road lọ́sàn-án gangan kẹ́ ẹ tó ronú track, tí ooru bá ń gun òkè níbẹ̀, ẹ ò tíì parí iṣẹ́.

Rewáyà yín gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń fi lẹ́ẹ̀dì jo ojú wáyà, kì í ṣe ẹni tó ń lọ́ ọ pọ̀ tó ń fi téèpù wé e. Wáyà ẹ́ńjìnnì VR6 máa ń kì bọ fiusi bọ́ọ̀sì Golf 3 tààrà níbi púpọ̀, kò pọ̀ ohun tó máa gé. Tẹ́ ẹ bá rí i tó ń gé wáyà káàkiri, ẹ dá a dúró kó kọ́kọ́ ṣàlàyé.

Táyà, àga, ìwé

Ríìmù ò gbọ́dọ̀ kéré sí ìnṣì 15, kò ní kọjá lórí dísíìkì 280. 205/50 R15 dáa. Táyà tòkúnbọ̀, ẹ má lò ó fún èyí rárá, ẹ ra tuntun kẹ́ ẹ sì ka nọ́ḿbà mẹ́rin tó wà níparí ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ḿbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lára ẹ̀ (kì í ṣe DOT ti bíréèkì ọ́ìlì): 2324 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2024. Ẹ fi tọ́ọ̀kì rẹ́ǹṣì de boòtì ní 110 Nm. Helmet ọ̀kadà ò tó, èyí tí Snell, àwọn tó ń dán helmet wò, fọwọ́ sí fún mọ́tò ni, bẹ́líìtì tó pé, fáyà ẹkistíńgúíṣà kílò méjì tẹ́ ẹ fi boòtì dè mọ́ ibi tọ́wọ́ yín lè tó látorí àga.

Ẹ mú rìsíìtì yẹn lọ sọ́fíìsì láísìnsì kí wọ́n yí nọ́ḿbà ẹ́ńjìnnì padà nínú ìwé mọ́tò, torí ọlọ́pàá tàbí VIO tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó rí nọ́ḿbà ọ̀tọ̀, wọ́n á rò pé ẹ jí i ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìnṣọ́ráǹsì yín náà, ọ̀pọ̀ wọn kì í san owó ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lórí track.

Lọ́jọ́ track

Ẹ kó gbogbo ohun tó ń yí kiri jáde nínú mọ́tò, jáàkì, ìgò omi, mátì. Ẹ́ńjìnnì VR6 wúwo níwájú, tẹ́ ẹ bá wọ kọ́nà pẹ̀lú eré tó pọ̀ jù, imú á máa lọ tààrà bẹ́ ẹ tiẹ̀ yí ọwọ́ tán, torí náà nígbà tí mọ́tò ṣì ń lọ tààrà ni kẹ́ ẹ ti tẹ bíréèkì parí, kẹ́ ẹ tó yíwọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fún ẹ̀ẹ̀kan. Tí ooru ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bá ti ń lé ní 130°C, ẹ rọra bọ́ sílé. Tí pẹ́dàlì bíréèkì bá ti ń rọ̀ lẹ́sẹ̀ yín, àní díẹ̀, ẹ má ṣe ìyípo kan sí i.

Ìyípo tó kẹ́yìn, ẹ rìn ín jẹ́jẹ́ láìfi bẹ́ẹ̀ tẹ bíréèkì. Tẹ́ ẹ bá dúró, ẹ má fa hand brake, torí dísíìkì ẹ̀yìn ṣì ń jó, ẹ fi jíà dè é kẹ́ ẹ fi igi dí táyà. Nígbà tó bá ti tutù, ẹ tún fi rẹ́ǹṣì kan àwọn boòtì táyà, ẹ wo ìwọ̀n ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ yọjú wo pádì iwájú láti ihò kálípà: tó bá ti kù díẹ̀ sí ìdajì, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó tún wọlé, kẹ́ ẹ sì rí i pé pádì kejì ti wà nínú búùtù láti ilé.